Àwòrán Òfìfo

Ohun tí Katriena Maarman rí nínú àwòrán ojú ọ̀run tó yà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti rí i ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Ó jọ kùrukùru tí í tàn láàárín àwọn ìràwọ̀, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí omi tí wọ́n fi ṣan ife wáìnì. Ó rí bí ẹyin tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí po nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì. Ọ̀nà dúdú kan là á láàárín, ó dagẹ̀rẹ̀ kọjá. Igun apá òsì àwòrán ló wà, láàárín àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ tí kò sẹ́ni tó bìkítà láti fún lórúkọ. Katriena ti yẹ gbogbo ìwé atọ́nà ojú ọ̀run wò, ó ti wo àwòrán àwọn ẹlòmíràn títí ojú fi ń ta á. Kò rí irú rẹ̀ níbì kankan.

Kì í sì í ṣe ẹni tó ń tètè gba nǹkan gbọ́ là ń sọ yìí o. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń tọ́jú ilé ìkàwé ìlú Kraaibos, tó ń lẹ ojú ìwé tó ya, tó ń wá ìwé tó sọnù. Bí ọmọ kan bá ní òun ti dá ìwé padà, á ní kó mú òun lọ síbi tó gbé e sí, kó fi ìka kàn án. Nítorí náà, nígbà tó kọ́kọ́ rí kùrukùru náà ní oṣù kẹrin, ó pa kọ̀ǹpútà, ó lọ fọ abọ́, ó padà wá tàn án. Kùrukùru ṣì wà níbẹ̀. Ó tún ojú ibẹ̀ yà ní oṣù karùn-ún, ó tún un yà ní oṣù kẹfà, ìgbà òtútù ilẹ̀ wọn, tí omi inú korobá ti ń di yìnyín. Kùrukùru kò yẹsẹ̀. Ohun tó wá ń dà á láàmú ni pé nínú àwòrán oṣù kejì, ojú ibẹ̀ kan náà, kò sí nǹkankan níbẹ̀.

Ta ló wá gbé e síbẹ̀ láàárín oṣù méjì?

Ẹni tó bá kàn gbójú sókè kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Awò awọ̀nàjínjìn Katriena, èyí tó rà lọ́wọ́ ilé àlejò kan tó kógbá sílé, wà lórí òpó sìmẹ́ńtì lẹ́yìnkùlé, kámẹ́rà sì so mọ́ ìdí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, awò á máa tọ ìràwọ̀ lẹ́yìn, kámẹ́rà á ya àwòrán ìṣẹ́jú márùn-ún, á tún ya òmíràn, títí yóò fi di ọgọ́ta. Nígbà yẹn Katriena ti na ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kọ̀ǹpútà á to gbogbo wọn lé ara wọn, ohun tó fara sin á wá yọ díẹ̀díẹ̀.

Kámẹ́rà ọ̀hún, ti àwọn tó ń ya àwòrán ìgbéyàwó ni tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ṣe é fi gíláàsì kan dí ojú inú rẹ̀, kí pupa má baà pọ̀ jù lójú ìyàwó. Pupa yẹn gan-an sì ni kùrukùru ojú ọ̀run fi ń tàn. Ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ tú kámẹ́rà palẹ̀, kó yọ gíláàsì yẹn, kó fi èyí tó mọ́ gaara rọ́pò rẹ̀, lórí ojú kan tí kò tóbi ju sítáǹbù lẹ́tà lọ, tí èémí lásán lè bà jẹ́. Ẹ̀gbọ́n Katriena, Dawid, tí gbogbo Kraaibos ń pè ní Boeta Daan, ìyẹn Bọ̀dá Daan, ló ṣe iṣẹ́ náà ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, lórí tábìlì ilé ìdáná, kọfí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ogójì ọdún ni Boeta Daan fi tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe nínú yàrá iwájú ilé tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti àbúrò rẹ̀ nìkan ló ń gbénú ilé náà, tí wọ́n ń bú ara wọn láàárọ̀, tí wọ́n sì ń jẹun pọ̀ nírọ̀lẹ́.

“Ọwọ́ mi kì í fi àpá sílẹ̀,” ló máa ń wí. Ó wí i fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ awòràwọ̀ ní ìlú Calvinia pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n rí àwòrán Katriena tí wọ́n sì lanu. Alága wọn, Dókítà Rademeyer, tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran, kò bá a jiyàn. Ní oṣù karùn-ún, ó gbé kámẹ́rà tirẹ̀ nínú pálí wá sí Kraaibos, kí Boeta Daan bá òun ṣe é bẹ́ẹ̀. Boeta Daan gba pálí, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, ó ní, “Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, pálí ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí Katriena bá sọ̀rọ̀, á ní ojú ń ro òun.

Ní ọjọ́rú, fóònù ilé ìkàwé dún.

“Tiena! Ọ̀nà dúdú yẹn!” Rademeyer ni. Ó máa ń kígbe sínú fóònù bí ẹni ń pe màlúù láti òkè kejì. “Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti àwòrán ẹ. Ìyàwó mi ní ṣé mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni.”

“Ẹ ṣé, Dókítà.”

“Má kí mi. Lọ́jọ́ Sátidé, níbi ìpàdé ẹgbẹ́, ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ti kọ̀wé sáwọn tó ń ṣàkójọ irú ẹ̀. Wọ́n ní tó bá dájú, ìwọ lo máa sọ ọ́ lórúkọ. Kí lo fẹ́ kí wọ́n máa pè é?”

Katriena ti ro èyí lóru àti lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó. “Maarman,” ló wí. “Orúkọ ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe kámẹ́rà, èmi ni mo yà á.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Rademeyer wú ikọ́. “Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kù. Coetsee kọjú awò ńlá ẹ̀ síbẹ̀ lálẹ́ méjì. Kò rí nǹkankan. Ó ní ìdọ̀tí ni.”

Lóyà Coetsee, awò tirẹ̀ nìkan wọ́n ju ilé àwọn Maarman lọ. Ọkùnrin tí ń fi ètè rẹ́rìn-ín ni. Ọdún mẹ́fà ni Katriena ti wà nínú ẹgbẹ́ náà, Coetsee kò tíì pe orúkọ rẹ̀ rí. “Ọ̀rẹ́ wa tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìwé” ló máa ń pè é.

“Ìdọ̀tí wo?” ni Katriena béèrè.

“Èmi náà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí wo ló máa ń ní ọ̀nà dúdú láàárín? Ṣùgbọ́n ó máa bi ẹ́ níwájú gbogbo èèyàn, Tiena. Ní ìdáhùn lọ́wọ́.”

Katriena gbé fóònù lélẹ̀, ó sì jókòó. Ó fẹ́ kí nǹkan yìí jẹ́ òótọ́. Ó fẹ́ ẹ débi pé ẹ̀rù ń bà á. Ọgbọ́n kan wà tí gbogbo ẹni tó ń ya ìràwọ̀ mọ̀, òun náà sì mọ̀ ọ́n láti oṣù kẹrin: yí kámẹ́rà po ní ìdí awò, kí òkè di ìsàlẹ̀, kí o sì tún ojú ibẹ̀ yà. Ohun tó bá wà lójú ọ̀run á bá àwọn ìràwọ̀ yí. Ohun tó bá jẹ́ ti kámẹ́rà á dúró sí àyè rẹ̀ nínú àwòrán. Oṣù méjì gbáko, kò ṣe é. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò fẹ́ tú ohun tí Boeta Daan so, tó sì fi ọ̀dà funfun sàmì sí kó má baà yẹ̀. Òun tí í ní kí àwọn ọmọ fi ìka kan ìwé!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ kóòtù, ó mú tọ́ọ̀ṣì. Boeta Daan wà nídìí sítóòfù, ó ń yí ẹran àgùntàn nínú páànù.

“Níbo lò ń lọ? Oúnjẹ ti jinná.”

“Mo fẹ́ yí kámẹ́rà po ni, Boeta.”

“Kó lè rí kí ni? Ibi tí mo so ó sí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn?”

“Lóyà Coetsee ní ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀.”

Boeta Daan kò yíjú. “Nínú kámẹ́rà tí èmi ṣe? Sọ fún lóyà kó wá lá a, kó wò ó bóyá iyọ̀ ń bẹ níbẹ̀.” Katriena rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Boeta Daan kò rẹ́rìn-ín. “Inú kámẹ́rà yẹn mọ́ báyìí, Tiena. Mo mọ̀ pé ó mọ́. Wá jẹun.”

Ó jẹun, ó sì jáde lẹ́yìn náà. Ó tú ìdè, ó yí kámẹ́rà po, ó dè é padà, ó sì ya àwòrán méjìdínlógún péré. Wákàtí kan ààbọ̀ kò tó fún àwòrán tó rẹwà, ṣùgbọ́n ó tó fún òótọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tò wọ́n tán, gbogbo ìràwọ̀ ti dorí kodò. Kùrukùru náà kò yí. Ó wà ní igun apá òsì níbi tó wà láti oṣù kẹrin, ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárín ìràwọ̀ tí kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Inú bí i. Kò bínú sí Coetsee, kò bínú sí kámẹ́rà; ara rẹ̀ ló bínú sí. Ó rọra pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì lọ dùbúlẹ̀ láì bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá ìwé tó sọnù fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sí “ìdọ̀tí ni.” Ìdọ̀tí wo? Níbo gan-an? Nígbà tí oòrùn fẹ́ yọ lọ́jọ́bọ̀, ó jáde pẹ̀lú àpò ìrọ̀rí funfun kan, ó fà á le lórí ẹnu awò, ó sì ya ojú ọ̀run àárọ̀ gba inú aṣọ náà kọjá. Àwòrán òfìfo ni wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́. Kò ní ìràwọ̀, kò ní ohunkóhun, ìmọ́lẹ̀ funfun lásán ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi gbogbo eruku àti òjìji tó wà lára ẹ̀rọ han kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà lè nu wọ́n kúrò nínú àwòrán gidi. Ibi tí àwòrán òfìfo bá ṣókùnkùn díẹ̀, kọ̀ǹpútà á tan ìmọ́lẹ̀ kún ibẹ̀ kó lè bá ìyókù dọ́gba.

Ó yẹ kí èèyàn yà á ní gbogbo ìgbà tó bá yàwòrán. Àmọ́ ta ni í ṣe bẹ́ẹ̀, ní òwúrọ̀ tí òtútù ń gé etí, tí iṣẹ́ sì ń dúró? Ní oṣù kejìlá, lọ́jọ́ kan tí ojú ọ̀run dára, Katriena ti ya ọgbọ̀n àwòrán òfìfo tó mọ́lẹ̀ dáadáa, àwọn ni ó sì ń lò láti ìgbà náà. Kámẹ́rà kò kúrò níbi tó wà, kí ló tún kù? Bí ó ṣe rò nìyẹn.

Ó wo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ó yí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè, ó yí i sódò. Ní igun apá òsì, kò sí nǹkankan. Ó mọ́ tónítóní.

Ó dúró lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àpò ìrọ̀rí lọ́wọ́, orí rẹ̀ kò gbé e. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀run, ì bá yí. Bí ó bá jẹ́ kámẹ́rà, ì bá wà nínú òfìfo yìí. Kò sí lókè, kò sí nílẹ̀, síbẹ̀ ó ń tàn. Kí a sọ tòótọ́, ìbínú rẹ̀ ti lọ nígbà náà. Ara rẹ̀ ti yá gágá. Ó gbàgbé láti mu kọfí kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́bọ̀ kì í ní èrò ní ilé ìkàwé. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ṣí àwòrán òfìfo oṣù kejìlá, èyí tí kò tíì wò lójú kòrókòró rí, nítorí kò sí ẹni tí ń wo òfìfo. Ó yí ìyàtọ̀ dúdú àti funfun rẹ̀ sókè dé ibi tó lè lọ.

Ó wà níbẹ̀. Igun apá òsì, bí ẹyin tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ yí po nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n dúdú ni, kì í ṣe pupa, ọ̀nà tó là á láàárín ló sì mọ́lẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá tò lẹ́sẹẹsẹ. Ní oṣù kejìlá, àbàwọ́n kan wà lórí gíláàsì inú kámẹ́rà. Nígbà tí àbàwọ́n wà nínú àwòrán gidi tó sì wà nínú òfìfo, kọ̀ǹpútà nù ún dànù, Katriena kò sì rí i rárá. Lẹ́yìn oṣù kejì, àbàwọ́n náà kúrò. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ó ti kúrò. Òfìfo àtijọ́ ń sọ fún un pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì ń bu ìmọ́lẹ̀ lé ibi tí kò nílò ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ohun tí kò sí mọ́ ló ń tàn.

Ṣùgbọ́n inú ibi tí gíláàsì yẹn wà, afẹ́fẹ́ kò lè dé ibẹ̀, kí a má tíì sọ ti aṣọ ìnuwọ́. Kí èèyàn tó lè kàn án, ó gbọ́dọ̀ tú kámẹ́rà palẹ̀ pátápátá. Ta ló tú u? Katriena ka oṣù náà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹta, ó lo ọjọ́ mẹ́fà ní Upington nítorí ìsìnkú àǹtí wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù sílé.

Ó tún wo àwọn ilà tó yí po náà. Lójú kan náà ló mọ̀ wọ́n.

Nígbà tó délé, Boeta Daan jókòó sórí àga lójúde, ó di ife kọfí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó pẹ́ tí ó ti ń di ife mú bẹ́ẹ̀. Òtútù ni Katriena rò pé ó ń mú un. Ó wo àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ lára ife náà, níbi tí gíláàsì tẹlifíṣọ̀n kan tó bú gbàù ti gé e nígbà èwe rẹ̀. Àpá náà là á láàárín, ó dagẹ̀rẹ̀.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Boeta, ta ló tú kámẹ́rà mi nígbà tí mo lọ sí Upington?”

“Èwo ni kámẹ́rà? Ta ló fẹ́ tú u?”

“Boeta.”

“Bóyá eku ni.”

Katriena ṣí kọ̀ǹpútà, ó gbé e sórí itan rẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Boeta Daan wo òfìfo náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé ife kọfí sílẹ̀. Nígbà tí ife kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, Katriena rí bí ọwọ́ náà ṣe ń gbọ̀n, lásán, lórí orúnkún rẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

“Mo rí i lọ́jọ́ tí o yà á,” ló wí. “O gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lórí tábìlì, o lọ wẹ̀, mo sì yí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè láti wo iṣẹ́ mi. Ọwọ́ mi ni mo rí níbẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ní kí èèyàn tẹ̀ka ní ọ́fíìsì. Mo ti ń sọ káàkiri ìlú pé ọwọ́ mi kì í fi àpá sílẹ̀.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Sọ kí ni? Pé ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n láti ìgbà tí mo ṣe é? Ó yọ̀ ni, Tiena. Mo ń gbé gíláàsì yẹn sílẹ̀, ó kàn yọ̀.” Ó fi ọwọ́ òsì bo ti ọ̀tún. “Mo ní mo máa nù ún kó o tó mọ̀. Mo so ọrùn ọwọ́ mi mọ́ àpò ìyẹ̀fun kó má baà gbọ̀n. Ọjọ́ mẹ́rin. Iṣẹ́ tí mo máa ń ṣe tán kí kọfí tó tutù! Mo sunkún bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ó mọ́. Ṣé kò mọ́?”

“Ó mọ́, Boeta. Mo yà á láàárọ̀ yìí. Ó mọ́ tónítóní.”

Ó mi orí, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Kò tíì mọ ohun tí mímọ́ náà ti dá sílẹ̀, Katriena ló ṣàlàyé fún un, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi yé e pé kùrukùru tí wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ ilé wọn, ìka òun ni.

“Kí lo máa sọ fún wọn?”

“Pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Òótọ́ sì ni. Òfìfo àtijọ́ ni mo lò.”

“Má dárúkọ mi.”

“Mi ò ní dárúkọ yín. Pálí Dókítà tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́?”

“Mo máa ṣe é.”

“Pẹ̀lú ọwọ́ wo?”

Ọ̀rọ̀ náà jáde kó tó mọ̀, kò sì ṣeé kó padà. Boeta Daan dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá iwájú mọ́ ara rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀, àfi “iyọ̀ dà” àti “ẹ pa iná.”

Ní Sátidé, Katriena rò pé òun nìkan ni yóò lọ. Nígbà tó máa fi wa ọkọ̀ jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jókòó sínú rẹ̀, ó wọ kóòtù tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nǹkan kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò. Katriena kò béèrè. Ọ̀nà Calvinia gùn, eruku rẹ̀ pọ̀, àwọn méjèèjì ń wo iwájú.

Gbọ̀ngàn ìjọ kún. Wọ́n ti ta aṣọ bo fèrèsé kí oòrùn ọ̀sán má baà wọlé, kùrukùru náà sì wà lára ògiri, ó ga ju èèyàn lọ, pẹ̀lú ọ̀nà dúdú rẹ̀. Rademeyer pè é bí ẹni ń pe ìyàwó tuntun. Katriena dúró níwájú wọn.

“Kò sí lójú ọ̀run,” ló wí. “Mo yí kámẹ́rà po, kò yí. Àwòrán òfìfo oṣù kejìlá ni mo fi ṣiṣẹ́ oṣù kẹfà. Àbàwọ́n tó ti kúrò ni òfìfo náà ń dá padà. Àṣìṣe mi ni, ẹ jọ̀ọ́.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn púpọ̀ wo bàtà wọn, nítorí àwọn náà ń lo òfìfo tó ti pé ọdún. Rademeyer jókòó wọ̀ọ̀, bí àpò tí wọ́n tú ọkà inú rẹ̀ dà.

Lóyà Coetsee na ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ìdọ̀tí,” ló wí. “Àbí kí ni mo sọ? Ọ̀rẹ́ wa níbi ìwé ti fi àkókò gbogbo wa ṣòfò.”

“Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí wo, Tiena?” Rademeyer kò lè fi í sílẹ̀. “Wo àwọn ilà yẹn. Wo ọ̀nà yẹn. Kí ni nǹkan yẹn?”

Ó ní ìdáhùn lẹ́nu, ó gbé e mì. “Ìdọ̀tí lásán ni, Dókítà.”

“Kì í ṣe ìdọ̀tí.”

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni ohùn náà ti wá. Boeta Daan ń bọ̀ láàárín àwọn àga, ó gbá pálí mọ́ àyà. Katriena ṣẹ́jú sí i pé kó padà, kò wò ó. Ó gbé pálí síwájú Rademeyer, bí wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́ pa ló ṣe wà. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró níwájú iná tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ó sì na àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ sókè. Òjìji rẹ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùrukùru náà, ó dúdú, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, ó ń gbọ̀n.

“Èmi ni,” ló wí. “Ọwọ́ mi ni. Ó ti ń gbọ̀n láti oṣù kọkànlá, mo sì fi pamọ́. Àbúrò mi kò ṣe ohunkóhun tí kò dáa. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó kọjú sí mi.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Coetsee fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sábẹ́ àga. Rademeyer dìde, ó di ọwọ́ náà mú láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, bí ó ti ń di ẹsẹ̀ ẹran mú, ó sì yí i wò nínú iná.

“Ẹran ni mo mọ̀, Daan. Lọ rí dókítà èèyàn.”

“Mo ti rí i. Lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kò ní dúró.”

Ibẹ̀ ni Katriena ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, níwájú ogójì èèyàn, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára bí omi tútù. Lẹ́ẹ̀mejì! Ó ti wọ bọ́ọ̀sì lọ, ó ti wọ̀ ọ́ bọ̀, ó sì wọlé wá béèrè pé kí ni wọ́n máa jẹ.

Rademeyer ti pálí padà lórí tábìlì. “Mi ò gbà á. O ti gba iṣẹ́, o máa ṣe é.”

“Ṣé o kò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?”

“Mo gbọ́. Orí ẹ ń gbọ̀n ni?”

Boeta Daan la ẹnu, ó pa á dé. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́bọ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, àwọn ọwọ́ tó ti ń lẹ ojú ìwé tó ya láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tí ìlà lílẹ̀ wọn kì í hàn. “Tiena máa ṣe wàhálà gan-an,” ló wí. “Kì í gbọ́ràn.”

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n palẹ̀ tábìlì ilé ìdáná mọ́. Katriena tẹ́ aṣọ funfun, ó gé pálí. Boeta Daan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀.

“Síkúrù ìsàlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Rárá, ìsàlẹ̀! Ṣé òkè ni ìsàlẹ̀ ní ilé ìkàwé yín?”

“Ẹ má pariwo sí mi létí, Boeta.”

“Tò wọ́n sórí abọ́ bí o ṣe ń yọ wọ́n. Rọra. Rọra, mo ní. Wáyà yẹn kì í ṣe okùn àgùntàn.”

Síkúrù mẹ́rìndínlógún wà lórí abọ́ nígbà tí òkùnkùn inú kámẹ́rà ṣí, tí gíláàsì rẹ̀ sì ń dán níbẹ̀ bí omi nínú ṣíbí. Ọwọ́ Katriena kò gbọ̀n rárá. Ó di èémí mú, ó na ìka síwájú láti gbé e.

“Dúró!”

Ó dúró gbagidi.

“Ìbọ̀wọ́ ẹ ńkọ́?” ni Boeta Daan wí. “Wọ ìbọ̀wọ́, obìnrin yìí. Maarman kan ti wà lójú ọ̀run. Ó tó.”